Iṣẹ́ Ìwé, Iṣẹ́ Àbẹ̀wò

Ọkùnrin tó kọ́kọ́ gbé ilé ìkàwé wọ yàrá tálákà ní ìlú Boston, ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé. Charles Birtwell ni orúkọ rẹ̀. Akọ̀wé àgbà ni ní ẹgbẹ́ Boston Children's Aid Society, ẹgbẹ́ tó ń wá ilé tí ọmọ aláìní yóò máa gbé, tó sì ń dúró fún ọmọ tí ọlọ́pàá bá mú kí wọ́n má bàa sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n. Irú ẹni tí àwa níbí ń pè ní ará wẹ́fíà ni.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1887, Birtwell ṣètò àpótí ìwé kékeré kan. Ìwé ọmọdé bíi 15 ló kó sínú rẹ̀, ó fi ìwé ìròyìn ọmọdé díẹ̀ kún un, ó sì gbé e lọ sí ilé ìdílé kan tí kò lówó lọ́wọ́. Ọmọ ilé náà kan ni wọ́n fi ṣe alábòójútó àpótí. Àwọn ọmọ bíi 10 ní àdúgbò di ọmọ ẹgbẹ́. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, àlejò kan á wá láti òde, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ obìnrin tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ láìgba owó. Àwọn ọmọ á dá ìwé tí wọ́n yá padà fún un, wọn á ròyìn ohun tí wọ́n kà, wọn á yá òmíràn, lẹ́yìn náà wọn á jọ ṣeré. Tí ẹgbẹ́ kan bá ti ka ìwé inú àpótí tiwọn tán, wọ́n á gbé e fún ẹgbẹ́ mìíràn, àpótí tuntun á sì dé. Láàárín ọdún díẹ̀, irú ilé ìkàwé inú ilé báyìí ti pọ̀ ní Boston.

Iṣẹ́ ilé ìkàwé ni mo fi jẹun ní Ìbàdàn títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo ti to ìwé, mo ti lẹ nọ́ńbà mọ́ ẹ̀yìn ìwé, mo ti kọ orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè ìwé sára pátákó. Nígbà tí mo ka ìtàn Birtwell, àlejò ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ yẹn ló gba ọkàn mi jù. Ẹni tó bá ń wọ yàrá kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó ń jókòó lórí àga wọn, kò lè ṣe kó má rí ọmọ tó ń wúkọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Kò lè ṣe kó má mọ̀ pé bàbá tó máa ń wà níbi iṣẹ́ ní ọwọ́ ọ̀sán ti wá di ẹni tó ń sùn nílé. Ìwé ló mú un wọlé, ìwé ló jẹ́ kí wọ́n gbà á láàyè láti padà wá. Tó bá jẹ́ pé ó kan ilẹ̀kùn tó ní òun wá wádìí bí ìyá ṣe ń tọ́ ọmọ rẹ̀ ni, ìyá náà á ní kó máa lọ, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni.

Birtwell mọ èyí. Lójú tirẹ̀, àpótí ìwé jẹ́ ọ̀nà láti bá àwọn ọmọ dọ́rẹ̀ẹ́ kí wàhálà tó dé, dípò kí ẹgbẹ́ òun máa dúró dìgbà tí ọlọ́pàá bá kó wọn wá. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé rí i, wọ́n sì gba ọgbọ́n náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Albany, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìkàwé ti ìpínlẹ̀ New York wà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé e ṣe. Ní Pittsburgh, Frances Jenkins Olcott tó dá ẹ̀ka àwọn ọmọdé sílẹ̀ ní ilé ìkàwé Carnegie ní 1898 sọ ọ́ di iṣẹ́ gidi, ó ń rán ènìyàn lọ sí àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ irin, níbi tí ọ̀pọ̀ òbí ti jẹ́ àjèjì tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Chicago náà ní tirẹ̀. Jane Addams àti Ellen Gates Starr lọ gbé láàárín àwọn tálákà ní 1889, wọ́n pe ilé náà ní Hull House. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé iṣẹ́ wẹ́fíà ti òde òní ti ta gbòǹgbò ní Amẹ́ríkà. Ohun tí wọn kì í sábà ròyìn ni pé nígbà tí Hull House kọ́ ilé kejì ní 1891, yàrá ìkàwé kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí ilé ìkàwé ìjọba Chicago ń bójú tó, tí wọ́n fi òṣìṣẹ́ tiwọn sí. Ẹni tó wá ka ìwé ìròyìn láti mọ ibi tí iṣẹ́ wà àti ẹni tó gbé ọmọ aláìsàn wá, inú àgbàlá kan náà ni wọ́n ń wọ̀.

Boston ni ìtàn náà tún padà sí, ibẹ̀ ló sì ti kan àwa ará Ìbàdàn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Simmons. Ní 1902, Simmons bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn obìnrin ní iṣẹ́ ilé ìkàwé. Ní 1904, òun àti Harvard dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà, ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ọdún méjì péré ló wà láàárín àwọn méjèèjì, abẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan náà. Àwọn tó dá wọn sílẹ̀ rí wọn bí iṣẹ́ tó yẹ kí obìnrin tó kàwé lè fi gbọ́ bùkátà ara rẹ̀, kó sì wúlò fún ìlú.

Kí ló wá ya iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀? Ìgbéga ló yà wọ́n, gẹ́gẹ́ bí èmi ṣe rí i. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fẹ́ kí wọ́n pe òun ní iṣẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé. Mary Richmond, ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn tó ń bẹ tálákà wò nílé ní Baltimore, kọ ìwé ńlá kan jáde ní 1917, Social Diagnosis, tó fi kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà bí wọ́n ṣe ń wádìí ọ̀rọ̀ ẹnì kan lẹ́sẹẹsẹ: ẹbí, iṣẹ́, àìsàn, ilé tó ń gbé. Ìwé tó dára ni. Láti ìgbà náà, fáìlì di irinṣẹ́ wẹ́fíà. Ní tiwa, owó Andrew Carnegie ti ń kọ́ ilé ìkàwé kiri, ó ju 1,600 lọ ní Amẹ́ríkà nìkan. Ilé tó lẹ́wà dé, àtẹ̀gùn gíga dé, káńtà dé. Àwa òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé bọ́ sẹ́yìn káńtà, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ìwé tí a yá fún ènìyàn lóṣù láti fi hàn pé a ń ṣiṣẹ́. Kò sí àkọsílẹ̀ fún ọmọ tó ń wúkọ́.

Mi ò sọ pé gbogbo wọn ló gbàgbé. Ní òkè Kentucky, láàárín 1935 sí 1943, nígbà tí ebi ń pa Amẹ́ríkà, ìjọba ń san owó fún àwọn obìnrin láti gun ẹṣin àti ìbaaka gbé ìwé gba inú odò àti orí òkè lọ sí abà. Wọ́n ń ka ìwé sókè fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà. Wọ́n ń gé bébà ìwé ìròyìn àtijọ́ lẹ̀ pọ̀, wọ́n ń fi ọ̀nà oúnjẹ sísè àti àpẹẹrẹ aṣọ rírán tí obìnrin abà kan mọ̀ sínú rẹ̀, wọ́n á sì gbé e lọ fún obìnrin abà kejì. Ẹ wo bí ìmọ̀ ṣe ń lọ tó sì ń bọ̀ níbẹ̀. Tálákà náà ní ohun tó kọ sínú ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Harlem ní New York, nítorí pé àdúgbò àwọn ènìyàn dúdú ni. Ẹ̀ka ilé ìkàwé New York tó wà ní òpópónà 135 ṣí ní 1905. Nígbà tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń rọ́ wá láti gúúsù Amẹ́ríkà àti láti erékùṣù Caribbean, wọ́n fi Ernestine Rose, obìnrin aláwọ̀ funfun kan, ṣe olórí ibẹ̀ ní 1920. Ó gbà pé ẹni tí kò mọ ènìyàn kò lè mọ ìwé tó yẹ kó gbé fún un, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú, nígbà tí kò wọ́pọ̀. Catherine Latimer wà lára wọn. Pura Belpré, ọmọ Puerto Rico, wọlé síṣẹ́ ní 1921. Nígbà tó yá, wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀ka òpópónà 115, níbi tí àwọn ará Puerto Rico pọ̀ sí. Àlọ́ ni Belpré fi bẹ̀rẹ̀, ní èdè Spanish, àlọ́ tí ìyá àgbà rẹ̀ pa fún un. Ó ń kiri ilé ìjọsìn àti ilé ìpàdé láti sọ fún àwọn òbí pé ilé ìkàwé wà fún wọn. Ọjọ́ ọdún Ọba Mẹ́ta tí wọ́n ń ṣe nílé, ó mú un wọ inú ilé ìkàwé.

Nella Larsen náà ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka òpópónà 135 yẹn. Àwọn tó mọ orúkọ rẹ̀ mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ ìtàn àròsọ Quicksand àti Passing. Nọ́ọ̀sì ni kó tó di òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé. Ó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Bronx, ó bá ìjọba New York ṣiṣẹ́ ìlera, ó sì wọ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìkàwé, ó jáde ní 1923. Mo máa ń rò ó pé ẹni tó ti fọwọ́ kan iwájú orí aláìsàn rí, kò ní wo ẹni tó dúró níwájú káńtà bí ẹni tó kàn fẹ́ yá ìwé lásán.

Ní 1970, ilé ìkàwé ìlú Detroit fi Clara Stanton Jones ṣe olórí, ó sì di obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó darí ilé ìkàwé ìlú ńlá bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní 1973, ó dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní TIP. Ẹni tó bá ń wá ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́, ẹni tí onílé fẹ́ lé jáde, ẹni tí àgbàlagbà inú ilé rẹ̀ ń fẹ́ ìtọ́jú, á tẹ ilé ìkàwé láago, òṣìṣẹ́ á sọ ọ́fíìsì tó yẹ kó lọ fún un. Bí ẹ bá rò ó dáadáa, iṣẹ́ wa náà ni: ká mọ ibi tí nǹkan wà, ká sì mú ènìyàn débẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìyà ńlá dé. Láti ọdún 1980 sí òkè, àwọn tí kò ní ilé pọ̀ sí i ní ìlú Amẹ́ríkà. Ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ti ń tì, owó ilé sì ti lọ sókè. Ibo ni ẹni tí kò nílé lè jókòó sí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, nínú òtútù, láìra nǹkan kan? Ilé ìkàwé ni. Ní Morristown, ìpínlẹ̀ New Jersey, ilé ìkàwé ṣe òfin ní 1989 láti lé àwọn tó ń rùn àti àwọn tó ń tẹjú mọ́ ènìyàn jáde. Richard Kreimer, ọkùnrin kan tí kò nílé, pè wọ́n lẹ́jọ́. Adájọ́ kan dá a láre ní 1991. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí i padà ní 1992, wọ́n ní ilé ìkàwé lè ṣòfin bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ yìí dùn mí nígbà tí mo kà á. Àwọn agbẹjọ́rò ṣàlàyé ẹ̀tọ́ láti gba ìmọ̀ títí ó fi di odidi ìwé. Ibi tí ọkùnrin náà máa sùn kò sí nínú ohun tí wọ́n gbé wá sílé ẹjọ́.

San Francisco ló gba ọ̀nà mìíràn. Ilé ìkàwé àgbà wọn kò jìnnà sí Tenderloin, àdúgbò tí àwọn tí kò nílé pọ̀ sí jù. Ní 2009, ilé ìkàwé náà àti ẹ̀ka ìlera ìlú pawọ́ pọ̀, wọ́n gba Leah Esguerra síṣẹ́. Òun ni òṣìṣẹ́ wẹ́fíà àkọ́kọ́ tí ilé ìkàwé kan ní Amẹ́ríkà gbà ní kíkún. Ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ ni kí ẹ fetí sí. Ó máa ń rìn kiri láàárín àwọn pẹpẹ. Ẹni tó bá rí tó jókòó pẹ̀lú àpò ẹrù rẹ̀, á lọ kí i, á sọ orúkọ ara rẹ̀, á ní bó bá fẹ́ bá òun sọ̀rọ̀, òun wà. Tí ẹni náà bá ní òun kò fẹ́, á tún kí i lọ́jọ́ mìíràn. Wọ́n tún gba àwọn tó ti sùn síta rí láti máa bá a ṣe é. Àwọn yìí ni wọ́n ń yí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti gbogbo àjà ilé ká, wọ́n ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Láti ọwọ́ wọn, ènìyàn ti rí ilé gbé, ẹlòmíì ti rí oògùn. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé káàkiri Amẹ́ríkà ti gba òṣìṣẹ́ wẹ́fíà, tàbí kí wọ́n gba akẹ́kọ̀ọ́ wẹ́fíà wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ní 2019, Sara Zettervall àti Mary Nienow, ọ̀kan òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé, ọ̀kan òṣìṣẹ́ wẹ́fíà, jọ kọ ìwé kan lórí rẹ̀, Whole Person Librarianship. Orúkọ méjèèjì ló wà lára ẹ̀yìn ìwé náà. Inú mi dùn sí i.

Nílẹ̀ tiwa, àwọn iṣẹ́ méjèèjì kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá kan náà. Wẹ́fíà wọ Èkó gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń mú ọmọ. Donald Faulkner, òyìnbó, ni ìjọba amúnisìn fi ṣe ọ̀gá wẹ́fíà àkọ́kọ́ ní 1941, nítorí àwọn ọmọkùnrin tó ń sùn kiri ní Èkó. Òfin àwọn ọmọdé jáde ní 1943. Nígbà tó di 1946, wọ́n fi òfin de ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 láti máa kiri ọjà ní Èkó, àwọn ọmọbìnrin ni wọ́n sì ń lé jù. Ìyá tó rán ọmọ rẹ̀ kí ó lọ kiri kí wọ́n lè jẹun alẹ́ gbọ́ orúkọ wẹ́fíà, ó sá. Títí dòní, bí obìnrin bá ní "màá gbé ẹ lọ wẹ́fíà," ìhàlẹ̀ ni, ọkọ tó ń gbọ́ ọ sì mọ̀ pé ìhàlẹ̀ ni. Ilé ìkàwé ní tirẹ̀ wá fún àwọn tó ti kàwé. Ní 1953, UNESCO ṣe ìpàdé ńlá kan ní Ìbàdàn lórí bí ilé ìkàwé fún gbogbo ènìyàn ṣe lè dé Áfíríkà, wọ́n sọ ohun tó dára púpọ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a kọ́ lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ yàrá fún ẹni tó fẹ́ yege ìdánwò. Òtítọ́ ni, ẹ wọ ilé ìkàwé ìjọba èyíkéyìí lónìí, ẹ ó rí àwọn ọ̀dọ́ tó gbé ìwé JAMB tiwọn wá láti ilé, tó jẹ́ pé àga àti tábìlì wa nìkan ni wọ́n ń lò.

Àmọ́ ẹnì kan ti rí i tipẹ́. Felicia Adetoun Ogunsheye ni. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nàìjíríà, ó sì kọ́kọ́ kẹ́kọ̀ọ́ ní Yaba, lẹ́yìn náà ní Newnham College, ní Cambridge. Ní 1962, ó gba oyè nínú iṣẹ́ ilé ìkàwé ní Simmons, ní Boston, kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Kí ó tó lọ síbẹ̀, ó ti wà lára àwọn obìnrin tó gbé ẹgbẹ́ Women's Improvement Society ró ní Ìbàdàn, ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ tó para pọ̀ di àjọ àpapọ̀ ẹgbẹ́ obìnrin Nàìjíríà. Ẹ jẹ́ kó yé yín: ó ti mọ ìyà tó ń jẹ obìnrin àti ọmọ nílùú kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń to ìwé. Nígbà tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, òun àti ẹ̀ka rẹ̀ dá ilé ìkàwé ọmọdé sílẹ̀ ní Abadina ní àwọn ọdún 1970. Àdúgbò tí àwọn òṣìṣẹ́ kékeré yunifásítì ń gbé ni Abadina: àwọn olùtọ́jú ọgbà, àwọn alásè, àwọn awakọ̀. Ó lè fi ilé ìkàwé yẹn sí ibi tí ọmọ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wà. Abadina ló gbé e sí. Ìwé nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Ohun àfojúrí àti ohun àfetígbọ́ wà níbẹ̀ fún àwọn ọmọ, kò sì pẹ́ tí ibẹ̀ fi di ibi tí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ti ń wá wo bí ilé ìkàwé ọmọdé ṣe yẹ kó rí. Nígbà tí èmi náà ń kọ́ṣẹ́, Abadina ni orúkọ tó máa ń jáde lẹ́nu àwọn olùkọ́ wa tí a bá béèrè àpẹẹrẹ.

Màá sọ ohun kan tí ojú mi rí, ní ilé ìkàwé kan tí n kò ní dárúkọ. Ọ̀sán ọjọ́ kan, obìnrin kan wọlé tòun ti fáìlì tí wọ́n fi rọ́bà dì. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé yẹn? Mo wá láti wẹ́fíà." Mo ní kó jókòó. Ó ní àwọn kò ní ẹ̀dà kankan ní ọ́fíìsì, pé ẹnì kan ti gbé èyí tó wà níbẹ̀ lọ sílé ẹjọ́ tí kò sì dá a padà. Ó fẹ́ bá bàbá kan sọ̀rọ̀ tó ní kí ọmọ òun kúrò nílé ìwé kó máa ta omi inú ọ̀rá ní títì. Bàbá náà ti sọ fún un pé kò sí òfin tó ní kí òun má rán ọmọ òun níṣẹ́. Mo gbé Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 sílẹ̀ láti pẹpẹ, mo ṣí i sí abala 30, èyí tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lo ọmọ láti ṣagbe tàbí láti kiri ọjà ní òpópónà. Iná kò sí, ẹ̀rọ fótókópì dákẹ́. Mo fi ọwọ́ ara mi da abala náà kọ, mo kọ ọdún òfin àti nọ́ńbà ojú ìwé sí ìsàlẹ̀, mo fi òǹtẹ̀ ilé ìkàwé lù ú. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì níwájú mi, ó ní kí n ṣàlàyé ìlà kan fún òun, mo ṣàlàyé rẹ̀. Ó ní bàbá náà á bọ̀wọ̀ fún òǹtẹ̀ yẹn ju ọ̀rọ̀ ẹnu òun lọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tó fi kàn mí láti ránṣẹ́ pe òun náà. Ọmọbìnrin kan wà tó máa ń gbé igbá ẹ̀pà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà wa láàárín wákàtí ilé ìwé, á yọ́ wọlé, á lọ jókòó sí igun ìwé ọmọdé, á máa ṣí àwòrán wò. Mágáádì ń lé e nítorí pé wọ́n ti pàṣẹ pé ọlọ́jà kò gbọdọ̀ wọlé. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Mo lè fún un ní ìwé, ṣùgbọ́n n kò lè tẹ̀lé e dé ilé láti bi àǹtí tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ìbéèrè. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní di ìjà lórí ọmọ náà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Obìnrin wẹ́fíà yẹn lọ. Ó wọ ilé náà láti ra ẹ̀pà, ó jókòó, ó fetí sílẹ̀. Ó gbọ́ pé bàtà àti aṣọ ilé ìwé tó gbó ni ọ̀rọ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀, pé ojú ń ti ọmọ náà láti lọ bẹ́ẹ̀, pé àǹtí rẹ̀ náà kò sì rí owó rà á. Wọ́n wá aṣọ fún un. Ọmọ náà padà sílé ìwé ní táàmù tó tẹ̀lé e. Ó ṣì ń kiri ẹ̀pà ní ìrọ̀lẹ́, a kò rí ìyẹn yanjú.

Kò sí nínú àlàyé iṣẹ́ tèmi pé kí n ránṣẹ́ pe wẹ́fíà, kò sì sí nínú tirẹ̀ pé kó wá sí láíbìrì. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn, ohun tó wà láàárín wa dópin, nítorí pé ẹni tó rọ́pò rẹ̀ kò mọ̀ mí. Ibí yìí ni mo ti yàtọ̀ sí àwọn tó máa ń sọ pé inú rere ló kù tí a nílò. Inú rere wà. A kò tíì kọ ọ́ sínú ètò ni. Birtwell kọ ọ́ sínú ètò: ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, ilé kan, ọmọ bíi 10. San Francisco kọ ọ́ sínú ètò: ipò iṣẹ́, owó oṣù, ẹ̀ka ìjọba méjì tó jọ fọwọ́ sí i.

Ní Yunifásítì Ìbàdàn, inú ọgbà kan náà ni wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ilé ìkàwé àti iṣẹ́ wẹ́fíà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjèèjì ni wọ́n ń rán jáde lọ kọ́ṣẹ́, wọ́n á lọ sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á kọ ìròyìn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo ti bẹ àwọn tí mo mọ̀ níbẹ̀, mo sì tún ń bẹ̀ wọ́n báyìí: kí wọ́n mú akẹ́kọ̀ọ́ kan láti ẹ̀ka kìn-ín-ní àti ọ̀kan láti ẹ̀ka kejì, kí wọ́n jọ rán wọn lọ sí ilé ìkàwé ìjọba kan, ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, fún odidi sáà. Kí ẹni wẹ́fíà má jókòó sẹ́yìn káńtà. Kí ẹni ilé ìkàwé tẹ̀lé e lọ tó bá ń lọ sí ilé ẹnì kan, tí onílé bá gbà. Kí wọ́n má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ àṣírí ni. Kí wọ́n sì jọ kọ ìròyìn ẹyọ kan, sínú ìwé kan náà, kí olùkọ́ wọn méjèèjì jókòó kà á pọ̀.